Láti Kèǹgbè dé Kẹ́ẹ̀gì: Ìtàn Epo Ìpamọ́ lórí Alùpùpù ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Agbègbè Rẹ̀

 Bí a bá dárúkọ Ìjẹmọ̀ létí òpìtàn, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn ni oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn yìnbọn pa àwọn ará àdúgbò náà. Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni a fagi lé àdéhùn ọdún 1893 tí ó fi ẹsẹ̀ òmìnira Ẹ̀gbá múlẹ̀. Ìtàn ńlá ni, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìtàn kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìbọn àti àdéhùn nìkan. Ó wà pẹ̀lú nínú ohun tí mẹ̀kúnnù ń gbé dání nígbà tí ó bá ń lọ sí ìrìn àjò. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tí a fi rọ́bà so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù ni mo fẹ́ fi ṣe àwíyé. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó ń mú kí ẹni tí epo ti kún táńkì alùpùpù rẹ̀ tún gbé òmíràn dání?

Àwọn baba wa kì í rìnrìn àjò lọ́wọ́ òfo. Alájàpá tí ó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀nà Kétu tàbí ọ̀nà Èkó a máa gbé kèǹgbè omi dání. Kì í ṣe pé kò sí odò lójú ọ̀nà; ṣùgbọ́n ta ni ó lè búra pé odò tí òun mu ní èṣí kò ní gbẹ ní ọdún yìí? Ohun tí arìnrìn-àjò bá gbé dání ni ó ń fi ibi tí ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ hàn wá. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, inú agolo onígun mẹ́rin tí ó ń gba gálọ́ọ̀nù 4 ni epo ń bá wá láti òkè òkun, méjì méjì nínú àpótí pákó. Irú agolo bẹ́ẹ̀ ni a sọ di garawa, tí àwọn ìyá wa fi ń pọn omi, tí wọ́n sì fi ń ta epo pupa. Páànù rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í sì í pẹ́ jò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, epo púpọ̀ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà nítorí pé agolo wọn ń jò. Èyí tí àwọn ará Jámánì ṣe ní ọdún 1937 sàn jù ú lọ. Lítà 20 ni ó ń gbà. Ó ní ìdìmú mẹ́ta, kí ẹni méjì lè jọ gbé e. Ìdérí rẹ̀ ń há pinpin láìlo irinṣẹ́. Àyè sì wà lókè nínú rẹ̀ tí epo lè wú sí bí oòrùn bá mú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwòkọ rẹ̀, wọ́n sì fi "Jerry", ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ará Jámánì, sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, kẹ́ẹ̀gì oníke tí ó ń gba lítà 25, èyí tí a fi ń ta òróró, ni ó gba ipò náà. Ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n a kò ṣe é fún bẹntiróòlù.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò. Alùpùpù kékeré, irú Honda CG125 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1976, ń gba epo tí ó tó lítà 10 tàbí tí ó lé díẹ̀. Lítà kan lè gbé e rìn tó nǹkan bí kìlómítà 40. Nítorí náà, lítà 10 yóò rin nǹkan bí kìlómítà 400. Láti Ìjẹmọ̀ dé Ìmẹ̀kọ kò tó kìlómítà 100. Ẹni tí ó bá rọ epo kún táńkì ní Abẹ́òkúta lè lọ, kí ó bọ̀, kí ó tún lọ, kí ó sì tún bọ̀. Síbẹ̀, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì. Ìdáhùn ìbéèrè wa ti yọjú: kẹ́ẹ̀gì náà kì í ṣe ti ọ̀nà, ti ibi tí a ń lọ ni. Epo ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú rẹ̀. Epo ẹ̀rọ ìlọta wà níbẹ̀. Epo alùpùpù àwọn ará oko tí kò sí ilé epo nítòsí wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí iye owó epo dọ́gba jákèjádò Nàìjíríà. Ọ̀pá epo tí ó ti Èkó wá ń já sí Mósímì, lẹ́bàá Ṣágámù, kí ó tó kọjá sí Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni Mósímì àti Ìmẹ̀kọ wà. Ṣùgbọ́n iye owó tí ó dọ́gba nínú ìwé òfin kò gbé epo dé abúlé. Àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n ń parí iṣẹ́ tí ọ̀pá kò lè parí.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ààlà ti wọlé. Ní ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pín ilẹ̀ Kétu sí méjì: ààfin Alákétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú ti ṣàlàyé ohun tí ìpín yìí ṣe sí àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976. Nígbà tí epo Nàìjíríà wá dínwó púpọ̀ sí ti Bẹ̀nẹ̀, òwò fàyàwọ́ gbilẹ̀; "kpayo" ni wọ́n ń pe epo náà lọ́hùn-ún, inú ìgò ni wọ́n sì ń tà á lẹ́bàá títì. Ìjọba ti ààlà ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ní oṣù kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí a má ṣe já epo mọ́ sí ilé epo kankan tí kò jìnnà ju kìlómítà 20 lọ sí ààlà.

Èmi kò sọ pé àwọn aṣọ́bodè kò ní ẹjọ́ rò. Epo tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń san lára owó rẹ̀ nígbà náà ni ó ń bá ẹ̀yìnkùlé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àṣẹ náà bí. Àgbẹ̀ tí ilé epo itòsí rẹ̀ ti gbẹ ní láti rìn jìnnà, kí ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì padà wálé. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti onífàyàwọ́; alùpùpù wọn bára mu; ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Òfin tí ó ń wo ohun èlò nìkan, tí kò wo ìdí tí a fi gbé e, kò lè mọ olè yàtọ̀ sí onílé.

Ewu rẹ̀ kì í sì í ṣe àròsọ. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá gbà, títí yóò fi kan iná. Bí epo bá kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, oòrùn yóò mú un wú, yóò sì wá ọ̀nà jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì gbígbóná wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sẹ́ ní ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ní Bẹ̀nẹ̀. Ènìyàn tí ó lé ní 30 ni ó kú.

Ní ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Owó epo fò sókè, èrè fàyàwọ́ sì fà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé fàyàwọ́ nìkan ni ó bí kẹ́ẹ̀gì ni, ìbá ti kúrò lẹ́yìn alùpùpù. Kò kúrò. Àwọn àgbà ní, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti Kétu ọdún 1889 dé Ìjẹmọ̀ ọdún 1914, títí dé àṣẹ ọdún 2019, òkèèrè ni a ti ń pàṣẹ fún ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì kúrò lórí alùpùpù, kí epo dé Ìmẹ̀kọ bí ó ti ń dé Abẹ́òkúta. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá àgbẹ̀ dúró kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ó ń gbé epo lọ.