Òfin Pátẹ́ǹtì ní Nàìjíríà àti Ìrẹsì Igbemo

Ìrẹsì ni a fi ń mọ Igbemo-Ekiti káàkiri Èkìtì. Àwọn tí ń gbìn ín lónìí bá a lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Bí a ti ń ya irúgbìn sọ́tọ̀, bí a ti ń fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ kí a tó sá a, ojú ni ọmọ fi ń kọ́ ọ. Bí a bá bèèrè ẹni tí ó ni ọgbọ́n náà, ìdáhùn kò ju pé ìlú ni ó ni ín. Òfin pátẹ́ǹtì kò mọ irú olóhun bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ni ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú ìwé tọ ìjọba lọ pé òun hùmọ̀ ohun titun, tí ìjọba sì pàṣẹ pé kí ẹlòmíràn má ṣe é láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Ní 1900 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú òfin yìí fún Èkó àti Gúúsù Nàìjíríà. Ti Òkè Ọya tẹ̀lé e ní 1902, òfin kan ṣoṣo sì rọ́pò wọn ní 1916. Ṣùgbọ́n ní 1925 nǹkan yí padà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè ní pátẹ́ǹtì ní Nàìjíríà bí kò ṣe ẹni tí ó ti kọ́kọ́ gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín láàrin ọdún mẹ́ta. Ní Lọ́ńdọ̀nù ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ aṣojú olùhùmọ̀ ti di iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́: 1882 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, òfin 1888 sì ní kí a máa kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Alágbẹ̀dẹ Èkìtì wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ wọn?

Òfin 60 ti 1970, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 1971, ni ó já okùn Lọ́ńdọ̀nù. Ogún ọdún ni pátẹ́ǹtì ń lò lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ àlébù ńlá kan wà níbẹ̀: bóyá ìwé pé ni akọ̀wé ìjọba ń wò, kì í wò bóyá ohun náà titun ní tòótọ́. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ìjọba kò ṣe onídùúró fún un. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni a ti ń tú u wò bí ìjà bá dé. Adájọ́ sì lè pe ọ̀mọ̀ràn méjì jókòó tì í. Kò sí ìdánwò tí a yà sọ́tọ̀ fún agbẹjọ́rò pátẹ́ǹtì bí ti Gúúsù Áfíríkà. Lọ́yà gbogbogbòò ni ó ń ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ara ẹ̀kọ́ òfin.

Òfin náà kò gbà kí a fi pátẹ́ǹtì dè irúgbìn. Òfin irúgbìn ti 2021 fún ẹni tí ó mú irú titun jáde ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ti ń tà láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe titun. Ti ọ̀nà bíbọ̀ ọ́ ńkọ́? Àjèjì lè gba ìwé lé e lórí, nítorí akọ̀wé kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ará Igbemo tí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa bá a lọ, ó sì lè bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ó wọ́gi lé ìwé náà. Ilé-ẹjọ́ wà ní Ado-Ekiti, kò jìnnà. Owó lọ́yà ni ó jìnnà.

Ó ku orúkọ. Òfin àmì-òwò ti 1965 fàyè gba àmì ìjẹ́rìí, tí ń sọ ibi tí ọjà ti wá. Ẹgbẹ́ ìlú lè gbà á, bí ẹgbẹ́ náà kò bá ti ń ta ìrẹsì fúnra rẹ̀.