Ìdàrọ́ àti Ẹ̀sùn Ìfiṣòfò: Àtúnyẹ̀wò Irin Sísun ní Ola-Igbi

Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy, ẹni tí ó jẹ́ olùdarí iṣẹ́ òde fún ìjọba amúnisìn ní Èkó, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of the Iron and Steel Institute. Ohun tí ó kọ nípa rẹ̀ ni irin sísun ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí pé Ola-Igbi. F. W. Harbord ṣe àfikún sí iṣẹ́ náà. Ó yẹ òkúta irin, ìdàrọ́ àti irin tí wọ́n kó ti ibẹ̀ wá wò. Irú ìdàrọ́ bẹ́ẹ̀, níbikíbi tí a bá ti rí i, a máa ní irin púpọ̀ nínú. Èyí ni àwọn kan dì mú tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn baba wa ń fi irin ṣòfò, pé ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀sùn náà ti wọ inú kíláàsì wa pàápàá. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a wo inú iléru. Òkúta irin jẹ́ irin àti ọ́síjìn tí wọ́n so mọ́ra, pẹ̀lú iyanrìn àti amọ̀. Bí èédú bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, gáàsì tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónóksáídì ni ó ń mú jáde. Gáàsì yìí ni ó ń gba ọ́síjìn lára òkúta, tí òun náà yóò sì di kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáídì. Apá tí ó bá tètè pàdé gáàsì yóò di irin láìyọ́ rárá. Èyí tí gáàsì kò bá rí gbà tán yóò lò pọ̀ mọ́ sílíkà inú iyanrìn. Wọn yóò yọ́ ní nǹkan bí 1,200 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì, wọn yóò sì ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ìdàrọ́ nìyẹn. Irin tí kò ní kábọ́ọ̀nù nínú, ní tirẹ̀, kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó 1,538. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ asunrin dúró lé: ìdọ̀tí ń ṣàn lọ, irin ń kó ara jọ di ìṣù. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìdàrọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáyáláìtì, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ni ó sì jẹ́ ọ́ksáídì irin. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí iyanrìn yọ́ kí ó sì ṣàn ní ìwọ̀n ooru yẹn, tí kò sì ní ẹfun mìíràn tí yóò fi yọ́ ọ, ó di dandan kí ó fi irin díẹ̀ ṣe owó ibodè.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé gáàsì kò lè gba ọ́síjìn lára ìdàrọ́ lẹ́yìn tí ó ti yọ́ tán ni? Ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Gáàsì gbọ́dọ̀ dé ojú ìdàrọ́. Pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ wáyé lójú náà. Ọ́ksáídì irin tí ó wà nínú lọ́hùn-ún sì gbọ́dọ̀ rìn wá síta. Èyí tí ó bá falẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyókù yóò dúró dè, gẹ́gẹ́ bí èrò ọjà ṣe ń dúró de oníbodè kan ṣoṣo. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó rí ọgbọ́n tí wọ́n lè fi ya pàṣípààrọ̀ ojú ìdàrọ́ yìí sọ́tọ̀. G. R. Belton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo kábọ́ọ̀nù-14, ẹ̀yà kábọ́ọ̀nù tí ń tan ìtànṣán. Wọ́n po gáàsì méjèèjì ní ìwọ̀n tí ìdàrọ́ kò fi ní gba ọ́síjìn, tí kò sì ní pàdánù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣọ́ bí kábọ́ọ̀nù tí wọ́n sàmì sí ṣe ń yára kúrò nínú gáàsì kan bọ́ sínú èkejì. Nínú ìwádìí wọn tí ó jáde ní ọdún 1984 àti 1986, ó hàn pé bí ọ́síjìn bá ṣe pọ̀ tó nínú ìdàrọ́ ni pàṣípààrọ̀ ṣe ń falẹ̀ tó. Sílíkà ń dín ìyára náà kù. Ẹfun òkúta, èyí tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ń mú kí ó yá sí i.

Ìdàrọ́ tí sílíkà kún inú rẹ̀ gan-an ni ti àwọn asunrin wa. Ohun tí ó jẹ́ kí ó tètè yọ́ náà ni ó jẹ́ kí ó lọ́ra láti jọ̀wọ́ irin rẹ̀. Bí ó bá sì ti ṣàn dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni gáàsì lè fọwọ́ kàn. A gbọ́dọ̀ sọ pé ìwọ̀n ooru tí Belton lò ga ju ti iléru Ola-Igbi lọ, nítorí ọ́ksáídì irin tí kò ní sílíkà nínú kì í yọ́ níbi tí kò tó 1,370. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ṣe ń dín kù náà ni ìyára ń dín kù, nítorí náà ìyàtọ̀ yìí kò ba àríyànjiyàn wa jẹ́.

Àwọn iléru ńláńlá ti ilẹ̀ Yúróòpù ń gba irin tí ó ṣẹ́kù nínú ìdàrọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tí ó ná wọn ni ooru tí ó ju 1,400 lọ, ẹfun òkúta, àti afẹ́fẹ́ tí a ń fi agbára tì wọlé. Ohun tí ń tibẹ̀ jáde ni irin tí ó ti mu kábọ́ọ̀nù yó, tí yóò fọ́ bí ìkòkò bí alágbẹ̀dẹ bá fi ọmọ owú lù ú. Wọ́n ní láti tún un ṣe kí ó tó wúlò fún ọkọ́ tàbí àdá. Ní Ola-Igbi, afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀pá amọ̀ wọlé fúnra rẹ̀ láìsí ẹwìrì, ìṣù irin tí wọ́n sì ń rí ṣeé rọ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ń da ìdàrọ́ àtijọ́ padà sínú iléru pẹ̀lú òkúta tuntun. Ẹni tí ó ń fi irin ṣòfò kọ́ nìyẹn! Ìdàrọ́ tí a dá padà ti yọ́ rí, yóò tètè yọ́ bó bá tún kan iná, irin inú rẹ̀ sì ní àǹfààní àtipàdé gáàsì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí a bá ń wá ohun tí iṣẹ́ náà ń ná àwọn baba wa ní ti gidi, ká wo ìdí èédú. Candice Goucher jiyàn ní ọdún 1981, nínú Journal of African History, pé gígé igi fún èédú wà lára ohun tí ó pa irin sísun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yàtọ̀ sí irin òyìnbó tí ń wọlé lówó pọ́ọ́kú. Kí a tó tún lè gba irin díẹ̀ sí i nínú ìdàrọ́ ní ìwọ̀n ooru yẹn, iná gbọ́dọ̀ jó pẹ́ sí i, igi púpọ̀ sí i ni yóò sì wó. Òkúta irin wà nílẹ̀ jaburata. Igi tí ó dára fún èédú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.