Tabzimt: Ẹ̀ṣọ́ Iwájú Orí, Ẹ̀ṣọ́ Àyà

Ní àwọn abúlé Ath Yenni, lórí òkè Kabylia ní Algeria, alágbẹ̀dẹ fàdákà máa ń fi okùn fàdákà tín-ín-rín ṣe ọgbà kéékèèké sójú ẹ̀ṣọ́. Á da gíláàsì lílọ̀ sínú rẹ̀, á sì tì í bọná títí yóò fi yọ́: búlúù, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn náà ni iyùn pupa á tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Sípéènì lẹ́yìn 1492 ló gbé ọgbọ́n yìí débẹ̀. (Ọwọ́ wọn kò mọ sórí ẹ̀ṣọ́ o, abúlé Aït Larbaa lókìkí fún owó ayédèrú kí ọmọ ogun Faransé tó ṣẹ́gun wọn ní 1857.)

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni tabzimt, ẹ̀ṣọ́ róbótó. Láyé àtijọ́, obìnrin tó bí ọmọkùnrin á gbé e síwájú orí. Ẹni tó bí ọmọbìnrin, àyà ni tirẹ̀ máa ń wà nígbà náà. Fàdákà kan náà, ìrora ìrọbí kan náà! Kí ìyá ọmọ tó kí ẹnikẹ́ni nídìí omi, wọ́n ti mọ ohun tó bí. Àwa náà ṣáà mọ ilé tí wọ́n ti ń béèrè “kí ló bí?” kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọge ń fi ẹ̀wọ̀n gbé tabzimt kọ́rùn, yálà wọ́n ti bímọ tàbí wọn kò tíì bí.