Fújì Lórí Ìrèmọ̀jé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí a bá ti kóra jọ síwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́, àríyànjiyàn wa kì í ju méjì lọ: bọ́ọ̀lù àti olórin. Kálukú á ní tòun ló dáa jù, orin àwọn àgbà ti kógbá sílé. Èmi náà ti pariwo níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan wà nílé wa ní Ìgbẹ́tì tó pa mí lẹ́nu mọ́, ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́dún Iléyá tó kọjá, mo fi fóònù mi gbé orin Asake sí i fún bàbá mi. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n pa ariwo yẹn. Wọ́n fetí sí i títí, wọ́n wá ní, "Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní fújì?" Ẹnu yà mí. Lóòótọ́, bí àwọn ègbè ṣe ń gbè é, ọ̀dọ̀ fújì ló ti wá. Ni bàbá mi bá wọ yàrá lọ, wọ́n gbé rédíò àtijọ́ kan jáde pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan.

Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Ìjálá ni wọ́n gbọ́ dàgbà lẹ́sẹ̀ Òkè Ìyámọ̀pó. Nígbà tí ọdẹ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn kú ní 1979, bàbá àgbà yá rédíò, wọ́n sì gba ohùn àwọn ọdẹ tó sun ìrèmọ̀jé, ewì tí ọdẹ fi ń dárò ọdẹ, sínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Ní 1922 tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá sínú àwo, Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ ló ń pinnu ohùn tó máa wọ àwo. Ìgbà tí Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963 ni agbára yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ ará ilé. Ẹni tó bá ní rédíò onikásẹ́ẹ̀tì lè gba ohùn sílẹ̀. Ó sì lè pa á rẹ́.

Bàbá mi ló pa á rẹ́. Ní 1984, ọmọ ọdún 19 ni wọ́n. Wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì nígbà ààwẹ̀ ti di fújì lọ́wọ́ Síkírù Àyìndé Barrister, àwọn ọ̀dọ́ ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Rédíò máa gbé e lálẹ́ ọjọ́ kan, owó kásẹ́ẹ̀tì tuntun ò sì sí. Bàbá mi fi bébà dí ihò méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí bàbá àgbà bèèrè, bàbá mi dáhùn pé, "Ta ló tún fẹ́ gbọ́ ẹkún òkú?" Bàbá àgbà ò jà. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa. Ìwọ náà á dàgbà." Ní 1991, àwọn náà kú.

Bàbá mi ti wọ 60 báyìí. Wọ́n ṣì fẹ́ràn Barrister, ṣùgbọ́n ìrèmọ̀jé yẹn ni wọ́n ń wá. Barrister kú ní 2010, síbẹ̀ ìṣẹ́jú kan ni mo fi rí orin rẹ̀ lórí fóònù. Ògúndáre Fóyánmu ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìjálá sínú àwo. Adébóyè Babalọlá kọ ìwé lórí ìjálá ní 1966. Àwọn ọdẹ Ìgbẹ́tì tó sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Kò sílé-iṣẹ́ tó mọ̀ wọ́n.

Etí kì í dúró sójú kan, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ tí Haruna Ishola ṣe ní 1948, lórí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Nígbà tí ọba náà wàjà ní 1955, Haruna tún orin yẹn kọ, ayé wá ń rà á. Ọba kan náà, olórin kan náà. Àwọn olùgbọ́ ló ti yàtọ̀. Haruna ráyè tún tiẹ̀ kọ. Bàbá mi ò ráyè.

Ohun tó kù nìyí: ètò rédíò yẹn parí kí kásẹ́ẹ̀tì tó parí. Lẹ́yìn fújì, ohùn ọkùnrin kan jáde, ìbọn dún, ọmọdé kan wúkọ́, ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bàbá mi ní àwọn ò lè sọ bóyá ohùn bàbá àwọn ni. Wọ́n yí i padà, a tún gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ yẹ fóònù yín wò kí ẹ tó pa nǹkan rẹ́. Ìyá àgbà mi sun rárà ìyàwó fún mi lọ́dún tó kọjá, ó ń gba àyè lórí fóònù mi, mo sì ti fẹ́ yọ ọ́ torí orin tuntun. Kí n má purọ́, mi ò tíì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi sílẹ̀.