Oṣù Kẹrin Oyún ní Abúlé Òkúta

Láyé àtijọ́, oṣù ni àwọn Yorùbá fi ń ka oyún, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Bí èébì bá ti rọlẹ̀ ní oṣù kẹrin, ìyá ọkọ á mú ìyàwó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí: wọ́n á de oyún náà kó má bàa wálẹ̀, wọ́n á sì kìlọ̀ fún un pé kó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Títí dòní, ní Abúlé Òkúta àti Bàrígà l'Ékòó, àwọn aboyún kan ṣì ń fi píìnì há aṣọ láti dáàbò bo oyún.

Ìmọ̀ ìṣègùn náà ti mú àyípadà bá ìtọ́jú oyún: ọdún 1958 ni dókítà Ian Donald gbé àwòrán ọmọ inú tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà jáde ní Glasgow.

Àyípadà tó kàn wá jù lọ, lójú tèmi, ni ti ibà, tó máa ń lúgọ sínú ibi ọmọ. Láti 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún níbi tí ibà ti wọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ SP, oògùn tó ń dènà ibà, ní oṣù kẹrin: hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lójú nọ́ọ̀sì.