Kí Ẹ Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Ilé Yín Bọ́ Sórí Windows 11

Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n láti October 2025 ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró ní Harrow Manorway, bí mo bá ti jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood tí mo doríkọ Thamesmead. "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà mi ní Windows òun ti parí. Ṣé kí n tẹ 'yes' ni àbí kí n má tẹ̀ ẹ́?" Mo ti dáhùn lórí ìdúró títí ó fi sú mi, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní ìdí kejì. Ní 8 April 2014 tí Microsoft fẹ̀yìn Windows XP tì, mo ní èmi ò ní gbẹ́yìn. Mo wá Windows 7 kan rà. Ẹni tó bá rántí á mọ̀ pé Windows 7 kì í gun orí XP tààrà, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo da ìwé àwọn oníbàárà mi kọ sórí fláàṣì, mo sì nu dísíìkì náà mọ́ tónítóní. Mo gbàgbé fólídà kan tí mo pè ní "Màámi". Ohùn ìyá mi ló wà níbẹ̀, níbi tó ti ń ki ọmọbìnrin mi nígbà tí a gbé e lọ sílé ní Ìbàdàn. Ìyá ti lọ ní 2011. Ohùn yẹn ò sí mọ́. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ń pariwo "ẹ ṣe ẹ̀dà" nísàlẹ̀, ẹ má pè é ní àsọdùn.

ṢÉ WINDOWS 10 TI KÚ NI?

Kò kú. Windows 10 jáde ní 29 July 2015, ó sì di 14 October 2025 kí Microsoft tó dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró. Kọ̀ǹpútà yín á ṣì máa tàn. Ohun tó yí padà ni pé bí àwọn olè bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá yín dí i mọ́. Ẹ rántí May 2017, nígbà tí àrùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ inú ẹ̀rọ àwọn ilé ìwòsàn NHS ní England, tí wọ́n sì fagi lé ọ̀pọ̀ àdéhùn àwọn aláìsàn. Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò yẹn jáde ní March 2017. Ẹ̀rọ tí kò tíì gba àtúnṣe náà ni ó mú.

Ẹni tó bá ń wo eré nìkan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ní kò kan òun. Ẹni tó bá ń lò ó sanwó ní báǹkì, tó ń kó ìwé owó orí pamọ́ sí i, ó kàn án gan-an.

KÍ NI WINDOWS 11 Ń BÉÈRÈ?

Windows 11 jáde ní 5 October 2021. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá ní ojúlówó Windows 10, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá yege. Ohun tó ń béèrè nìyí:

1. Ọpọlọ ẹ̀rọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft. Fún Intel, ọ̀pọ̀ jù lọ jẹ́ ti ìran 8 sókè. Fún AMD, Ryzen 2000 sókè ni ọ̀pọ̀ jù lọ.
2. RAM 4GB, ó kéré tán. Ní tèmi, 8GB ló lè jẹ́ kí ara tu yín.
3. Àyè 64GB lórí dísíìkì.
4. UEFI tó lè ṣe Secure Boot.
5. TPM 2.0. Ẹ wò ó bí àpótí irin kékeré kan nínú ẹ̀rọ, tó ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí.

Kọ̀ǹpútà tí ẹ rà ṣáájú 2018, ó ṣeé ṣe kó má yege. Ẹ má fi ojú wò ó lásán: ẹ gba PC Health Check láti orí ìkànnì Microsoft fúnra rẹ̀, á sọ fún yín. Bó bá ní kò sí TPM, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ tpm.msc. Nígbà mìíràn TPM wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á ni. Nínú ètò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, Intel ń pè é ní PTT, AMD ń pè é ní fTPM. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà 48 tí BitLocker ń béèrè, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Bí ẹ̀rọ bá béèrè rẹ̀ tí ẹ ò ní in, ẹ ti ti ara yín mọ́ta nìyẹn.

Ẹ ṢE Ẹ̀DÀ

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan sórí dísíìkì ìta, ìkejì síbòmíràn tí kì í ṣe inú ilé yín. Ẹ má wo Documents nìkan. Ẹ wo Desktop, Downloads, Pictures, àti fólídà tí ẹ fi orúkọ èèyàn pè. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta mẹ́rin lára ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ̀dà tí ẹ ò ṣí wò, ẹ̀dà kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ara yín, òfin HMRC ni pé kí ẹ tọ́jú ìwé yín fún ọdún 5 ó kéré tán, lẹ́yìn 31 January tó jẹ́ ọjọ́ ìparí fún ìwé ọdún náà. "Windows ló jẹ ẹ́" kì í ṣe èsì. Láti 6 April 2026 sì ni òfin ti sọ pé kí ẹni tí owó tó wọlé fún un lórí òwò àti ilé ayálégbé bá kọjá £50,000 máa fi sọ́fítíwià ṣe ìwé rẹ̀. Ó máa di £30,000 ní April 2027.

ÌGBÉSẸ̀ NÁÀ

Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ iná. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update. Bí ẹ̀rọ bá yege, á fún yín ní Windows 11 níbẹ̀. Ẹ tẹ Download and install, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Á pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ má fa wáyà yọ. Bí ó bá parí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ọjọ́ 10 láti padà: Settings, System, Recovery, Go back.

BÍ Ẹ̀RỌ YÍN Ò BÁ YEGE ŃKỌ́?

Kọ̀ǹpútà pálọ̀ tiwa tí a rà ní 2016 kò yege. Ohun tí èèyàn lè ṣe pọ̀. Microsoft ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Extended Security Updates: ètò tí wọ́n kéde ní 2025 gùn dé 13 October 2026. Ní ìlú yìí, ẹ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Microsoft. Bí ẹ bá jẹ́ kó tọ́jú ètò ẹ̀rọ yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ san iye tó tó dọ́là 30. Èyí ni mo ṣe, kí n lè fara balẹ̀ ra tuntun. Ẹlòmíràn lè fi Linux sí i, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n gba ẹ̀yìn wọlé sórí Windows 11, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè fi ìwé oníbàárà sórí rẹ̀.

ÌKÌLỌ̀ MÉJÌ

Àkọ́kọ́: Microsoft kì í pe èèyàn lórí fóònù láì jẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ kàn sí wọn. Ìyá kan ládùúgbò wa sáré pè mí: "Akọ̀ńtáǹtì, wọ́n ní Windows mi ti parí, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì mi." Mo ní, "Màmá, ẹ pa fóònù yẹn!" Ọpẹ́ ni pé wọn ò tíì kà á. Bí ẹ bá ti kà á, 159 ni kí ẹ tẹ̀, á so yín pọ̀ mọ́ báǹkì yín.

Ìkejì: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé, ẹ nu inú rẹ̀ kí ẹ tó dì í. Ní 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n ra dísíìkì lọ́jà, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ sí Reset this PC, ẹ yan Remove everything, kí ẹ sì ní kó nu dísíìkì náà pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kọ́kọ́, ìnùnù kẹ́yìn. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ lọ wá ibi tí ohùn àwọn àgbà yín wà.