Òórùn, Ọpọlọ àti Ibà ní Erékùṣù Èkó

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èrò ọ̀pọ̀ dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ni pé òórùn burúkú inú irà ló ń fa ibà. Èdè Ítálì ni 'malaria' ti jáde. 'Afẹ́fẹ́ burúkú' ni ìtumọ̀ rẹ̀. Erékùṣù Èkó, tí ọ̀sà àti irà yí ká, kò lè bọ́ nínú ẹ̀bi náà.

Ní ọdún 1897, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. William MacGregor, dókítà tí ó jẹ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, gba ẹ̀rí yìí. Ó gbé ìjà ko ẹ̀fọn: a bẹ̀rẹ̀ sí fa irà gbẹ, a sì ń pín kúnínì. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe ọ̀nà omi tí a gbẹ́ sí àárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí.

Kí ló dé tí imú fi ṣì wọ́n lọ́nà? Iṣẹ́ Richard Axel àti Linda Buck, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni sẹ́ẹ̀lì tí ń gba òórùn nínú imú. Iṣan àwọn tí wọ́n jẹ́ ìsọ̀rí kan náà ń já sí ojú kan náà nínú ọpọlọ, bí ìgbà tí ẹlẹ́ja àti aláta bá ní ìsọ̀ ọ̀tọ̀ lọ́jà. Òórùn ni ọpọlọ ń tò báyìí, kì í ṣe àrùn. Omi òjò tí ó dúró ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí kò rùn rárá, lè jẹ́ ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí. Bí a bá fẹ́ dá àdúgbò lẹ́bi, imú nìkan kò tó ẹlẹ́rìí.